Jáàsì ni kí n mú ni àbí commercial music? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kà á ní yunifásítì, ẹ bá mi dá sí i

FèrèLẹ́nu:
Ẹ kú iṣẹ́ o gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan ló ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ti rí àyè wọ yunifásítì láti lọ kọ́ orin, ṣùgbọ́n dìpátímẹ́ǹtì yẹn, jáàsì àti commercial music (orin tí wọ́n ń ṣe fún títà, bíi ti ìpolówó àti fíìmù) ni wọ́n so pọ̀, ní ọdún kìíní gbogbo wa la jọ máa ṣe kọ́ọ̀sì kan náà, tó bá di ọdún kejì kálukú á wá mú ọ̀nà tiẹ̀. Alto sáàsì ni mò ń fọn, ó ti lé lọ́dún mẹ́rin, etí ni mo fi kọ́ gbogbo ẹ̀, mi ò mọ nótì kà dáadáa, tí ẹ bá gbé bébà síwájú mi ńṣe ni màá máa kà á bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tó ń ka a b d. Jáàsì ló wù mí. Ẹ̀gbọ́n mi ní tí mo bá mú jáàsì ebi ló máa pa mí, kí n yáa mú commercial. Ọ̀rẹ́ mi kan tún wá ní ki ni mò ń wá ní yunifásítì torí àtifọn fèrè, pé YouTube ńkọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti la ibẹ̀ kọjá, kí ni wọ́n ń kọ́ yín gan-an níbẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi mí ṣẹ̀sín o.

Òótọ́Korò:
Ọ̀rẹ́ ẹ yẹn ló fẹ́ràn ẹ jù. Yunifásítì wo ni Charlie Parker, ọ̀gá onísáàsì jáàsì, lọ? Louis Armstrong onítọ̀rọ́mpẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Wọn kì í kọ́ jáàsì ní kíláàsì, ìdí báǹdì ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Ọdún mẹ́rin tó o fẹ́ fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn, fi tẹ̀lé àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe kiri. Mo ti sọ tèmi.

BàbáBésì:
Òótọ́Korò, ìdajì ọ̀rọ̀ lo sọ, o gbé ìdajì tó kù mì. Parker ò lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Miles Davis tó lọ wá a dé New York ní 1944, ṣebí Juilliard, ilé ìwé orin ńlá kan, ló bá dé ìlú yẹn, lọ́sàn-án á wà ní kíláàsì, lálẹ́ á máa wá Parker kiri 52nd Street, àdúgbò àwọn kílọ́ọ̀bù jáàsì. Ó padà fi ilé ìwé sílẹ̀, mi ò jiyàn. Quincy Jones náà gba sikọ́láṣíìpù lọ sí ilé ìwé kan ní Boston, kò pẹ́ púpọ̀ tí Lionel Hampton tó ní báǹdì pè é pé ó yá ó di ojú ọ̀nà, ó sì lọ. Wynton Marsalis náà, Juilliard ló wà tó fi bọ́ sínú báǹdì Art Blakey. Ṣé ẹ rí i, àwọn tó lọ pọ̀, àwọn tó lọ tí wọn ò parí náà pọ̀, èyí tó ń yé mi ni pé wọ́n mú nǹkan tí wọ́n nílò níbẹ̀ kí wọ́n tó jáde.

Èmi ni mo parí o, bésì onígi ni mo fi gba ìwé ẹ̀rí, torí náà ẹ jẹ́ kí n dá ọmọ yìí lóhùn.

Ọmọ mi, ìjà jáàsì pẹ̀lú commercial tí wọ́n gbé sí ẹ lórí yẹn, ìjà tí kò sí tẹ́lẹ̀ ni. Ilé ìwé Boston tí mo sọ yẹn, Lawrence Berk ló dá a sílẹ̀ ní 1945, Schillinger House ló ń jẹ́ nígbà náà, 1954 ló yí i padà sí Berklee látara orúkọ ọmọ ẹ̀. Kí ló ń kọ́ wọn? Bí wọ́n ṣe máa rí iṣẹ́ nínú báǹdì, nínú rédíò, bí wọ́n ṣe máa to orin fún àwọn tó ń sanwó. Lọ wo ilé ìwé gíga North Texas ní Amẹ́ríkà náà, àwọn ló kọ́kọ́ fi jáàsì fún èèyàn ní dìgírì, 1947, ṣùgbọ́n wọn ò lè pè é ní jáàsì torí ojú tí àwọn àgbà fásitì fi ń wo ọ̀rọ̀ yẹn nígbà yẹn, dance band ni wọ́n kọ síbẹ̀. Báǹdì ijó! Orin tí wọ́n ń fi ṣiṣẹ́ jẹun ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé jáàsì wọ yunifásítì, commercial ni wọ́n fi gbé e wọlé. Ìgbà tó yá ni wọ́n wá la ilé sí méjì.

FèrèLẹ́nu:
Haa, ẹ ṣé gan-an bàbá. Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́? Ṣé lẹ́kúrà á kàn dúró síwájú máa sọ ìtàn Duke Ellington ni?

BàbáBésì:
Ìtàn wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n ìyẹn kéré. Lọ́sẹ̀ kan wàá rí tísà irin iṣẹ́ ẹ fún bíi wákàtí kan, ìwọ àti òun nìkan, ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan wà. Wàá tún ní báǹdì kékeré tí wọ́n ń pè ní combo, tó o bá gbọ́wọ́ wàá bọ́ sí big band, sáàsì márùn-ún, tọ̀rọ́mpẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, tọ̀rọ̀mbóònù mẹ́rin, lẹ́yìn náà dùùrù, bésì, gìtá àti ìlù. Wàá ṣe kọ́ọ̀sì etí, wàá ṣe harmony (bí ohùn púpọ̀ ṣe ń dún pọ̀ tí wọ́n sì ń tẹ̀lé ara wọn), wàá kọ́ dùùrù dé ìwọ̀n kan bó ti wù kó rí, bó o tiẹ̀ jẹ́ onílù. Níparí sẹ̀mẹ́sítà wàá dúró síwájú àwọn lẹ́kúrà bíi mẹ́ta, wọ́n á ní gbá eléyìí, gbá tọ̀hún, ka ti bébà yìí.

Jẹ́ kí n sọ ọ̀kan fún ẹ. Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo débẹ̀, mo rò pé mo mọ nǹkan torí mo ti ń gbá bésì lóde tipẹ́. Tísà mi ní kí n gbá báà mẹ́rin péré (báà kan, kíkà one two three four ni), blues ní F. Mo gbá a. Kò sọ nǹkan kan. Ó yí metronome, ẹ̀rọ tó ń dún kó kó láti fi ka àkókò orin, sí 40 ní ìṣẹ́jú kan, ó ní ìró tó o ń gbọ́ yẹn, two àti four ni o, kì í ṣe one. Mo bẹ̀rẹ̀. Ká tó dé báà kẹta mo ti sáré bá metronome mo ti kọjá ẹ̀, two ti di one mọ́ mi lọ́wọ́. Ó ní tún un ṣe. Wákàtí kan gbáko, báà mẹ́rin, kò yí nótì kan padà fún mi, ó kàn ń yí metronome padà sí 40 ni tí mo bá fẹ́ jí i gbé sókè. Òógùn bò mí. Nígbà tí mo fẹ́ jáde ó ní "àwọn tó o ti ń bá ṣeré lóde, àwọn ló ń gbé ẹ rù." Kò bá mi wí, kò pariwo. Mi ò sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Kò sí fídíò YouTube tó máa sọ ìyẹn fún ẹ torí fídíò kì í gbọ́ ẹ.

Onílù_Kẹta:
Bàbá, 40 lórí two àti four burú o 😂 èmi mọ onílù méjì tó sá kúrò ní dìpátímẹ́ǹtì torí ẹ̀

Òótọ́Korò:
Bàbá mo gba ti metronome, ìyẹn wúlò. Ṣùgbọ́n ẹ sọ èyí tó kù. Èmi náà wọ ilé ìwé kan, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ọdún kejì ni mo fi kúrò. Wọ́n fún sólò mi ní 54 nínú ọgọ́rùn-ún. Mo béèrè pé kí ló fa 54, lẹ́kúrà ní mi ò lo sikéèlì tí wọ́n kọ́ wa lọ́sẹ̀ yẹn lórí kọ́ọ̀dù kẹfà. Sikéèlì! Mo kọrin látinú ọkàn mi wá, wọ́n ń ka sikéèlì bí ẹni ń ka owó. Gbogbo àwọn tí wọ́n gba 80 ní kíláàsì wa, ohùn kan náà ni wọ́n ní, tó o bá di ojú ẹ o ò ní mọ ta ni ta. Ìyẹn ni mo bá yunifásítì jà sí, kì í ṣe pé mi ò fẹ́ ìmọ̀.

BàbáBésì:
Ó dùn mí láti gbọ́. Irú lẹ́kúrà bẹ́ẹ̀ wà, mi ò ní parọ́. Máàkì rọrùn láti fún ohun tó ṣeé kà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ràn sikéèlì, ta ni yóò fi ohùn èèyàn sórí òṣùwọ̀n? Tìẹ, ọmọ mi, kó o tó mú ilé ìwé kankan, lọ gbọ́ àwọn ọmọ ọdún kẹrin níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ṣeré àṣekágbá wọn. Tí gbogbo wọn bá ń dún bí ẹnì kan, sá.

Adé_Kíbọ́ọ̀dù:
Ẹ jẹ́ kí èmi tí mo ṣe commercial náà sọ̀rọ̀ o, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sin wá láàyè. Àwọn èèyàn máa ń rò pé commercial ni ti àwọn tí jáàsì le fún. Irọ́ ni. Ọdún kẹta wa, lẹ́kúrà kan fún wa ní iṣẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè, orin ìpolówó ìṣẹ́jú àáyá 30. A ṣe é, inú wa ń dùn. Ọjọ́ Wẹ́sídé ó ní oníbàárà ti yí ọkàn padà (kò sí oníbàárà kankan, òun ni oníbàárà), òun fẹ́ ti 15, òun fẹ́ ti 6, òun fẹ́ èyí tí kò ní ohùn akọrin, kí ìlù dá wà lọ́tọ̀ kí bésì dá wà lọ́tọ̀, gbogbo ẹ̀ lọ́la kí ó tó di aago mẹ́wàá. Àwa tá a ti da gbogbo ìró pọ̀ sójú kan láìtọ́jú wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ilẹ̀ mọ́ bá wa nídìí kọ̀ǹpútà. Mo ti jáde báyìí mo ń ṣe orin fún fíìmù àti ìpolówó, mo fi ẹ̀mí mi búra fún yín, bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ rí, lójoojúmọ́.

Wọ́n á kọ́ ẹ ní Logic tàbí Pro Tools tàbí Ableton, àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ká orin, ìyẹn ò tó nǹkan, ẹ̀rọ lè yí padà lọ́la. Èyí tó ṣe mí láǹfààní ni kíkọ orin, ká kọ ọ̀kan lọ́sẹ̀ kan bó burú bó dára, àti bí èèyàn ṣe ń bá akọrin ṣiṣẹ́. Akọrin á wọlé á ní ohùn òun ò gbé kíì A flat (ohùn ìpìlẹ̀ orin) lónìí, ẹ bọ́ sí F. Ẹni tó há kọ́ọ̀dù sórí á máa wo òkè. Àwa, nọ́ńbà la fi ń kọ kọ́ọ̀dù sílẹ̀, 1 6 4 5, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ sítúdíò ní Nashville ló bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1950, kíì tó bá wù ẹ́ kó o bọ́ sí, 1 ṣì ni 1.

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé, ó sì ṣe pàtàkì jù: ẹ̀kọ́ owó. Èmi àti àwọn mẹ́ta ní kíláàsì jọ kọ orin kan, eré la fi ṣe é, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé báyìí la ṣe pín in. Orin yẹn wá lọ ju bá a ṣe rò lọ. Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ ní òun ló ni ìdajì, ẹni tó ni láptọ́ọ̀pù ní tòun ni rìkọ́dù, onísáàsì wa, ẹni tó fọn ohun tí gbogbo ayé ń kọ lẹ́nu, kò rí kọ́bọ̀, ọ̀rẹ́ ọdún mẹ́ta sì tú ká. FèrèLẹ́nu, gbọ́ mi o: orin ní ẹ̀tọ́ méjì. Orin fúnra ẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ àti ohùn, ẹ̀tọ́ kan nìyẹn. Rìkọ́dù tí wọ́n ká sílẹ̀, ìyẹn master, ẹ̀tọ́ mìíràn nìyẹn. Tí fíìmù bá fẹ́ lò ó, wọ́n gbọ́dọ̀ tọrọ méjèèjì. Tó bá jẹ́ ìwọ lo hun ìlà orin, kọ ọ́ sínú ìwé, kí gbogbo yín fọwọ́ sí i kẹ́ ẹ tó jáde ní sítúdíò, ìdá mélòó ni ti kálukú. Ojúewé kan péré ni. Jáàsì ò kọ́ ẹnikẹ́ni ní èyí nígbà tiwa.

BàbáBésì:
Wọn ò kọ́ wa lóòótọ́. Mo gbá bésì sórí rìkọ́dù tí mi ò lè kà tán, owó ọjọ́ yẹn ni mo gbà lọ sílé. Adé, o ṣeun.

FèrèLẹ́nu:
Ẹ wò ó, ẹ̀rù ti ń bà mí sí i dípò kó lọ sílẹ̀ 😅 Ti nótì kíkà yìí ńkọ́ báyìí? Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń fi etí fọn. Ṣé wọn ò ní lé mi?

Àǹtí_Dùùrù:
Wọn ò ní lé ẹ, àbúrò. Kọ́ọ̀sì etí ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ, lọ́dọọdún ni mo ń rí irú yín, àwọn tí wọ́n mọ nótì kà bí omi tí wọn ò lè gbọ́ nǹkan kan ló ń yọ mí lẹ́nu jù. Ìṣòro tìẹ á gbà tó ọdún kan kí ó tó lọ, tiwọn le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwa tá a ń sọ èdè yìí pẹ̀lú, etí wa ti jí láti kékeré, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, re re, re mí, re dò, kò sẹ́ni tó kọ́ wa kí a tó mọ ìyàtọ̀ wọn. Kì í ṣe pé ohùn èdè àti ohùn orin jẹ́ ọ̀kan náà o, ọ̀rọ̀ kò ní ìwọ̀n tí dùùrù ní, ṣùgbọ́n ó ti mọ́ ẹ lára láti máa fi ohùn mọ ìtumọ̀.

Jẹ́ kí n fún ẹ ní nǹkan kan tó o lè ṣe láti òní kó o tó wọlé. Kọ́ọ̀dù mẹ́ta tó pọ̀ jù nínú jáàsì, two five one, ìyẹn àwọn tó dúró lórí ohùn kejì, ìkarùn-ún àti èkíní nínú kíì. Ní kíì C: D minor seven, ìyẹn D F A C. G seven, G B D F. C major seven, C E G B. Má ka gbogbo wọn. Mú ohùn kẹta àti ohùn keje nìkan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tó o bá ka létà láti D, ti àkọ́kọ́ jẹ́ F àti C. Nígbà tó bá kan G, F jókòó síbi tó wà, C sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ báyìí sí B. Nígbà tó bá kan C, B náà jókòó, F wá sọ̀ kalẹ̀ sí E. O rí i? Ọ̀kan ń dúró, ọ̀kan ń rọra sọ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà yín ní harmony ọdún kìíní, ìdí ẹ̀ nìyẹn. Kọ ọ́ lẹ́nu kó o tó fọn ọ́. Fi ẹnu kọ F F E, kó o kọ C B B, títí á fi máa wá fúnra ẹ̀ nígbà tó o bá ń rìn lọ.

Kó o sì rántí pé alto ni tìẹ, E flat ni, tí onídùùrù bá ní C, A ni ìwọ máa fọn. Nítorí náà lórí fèrè tìẹ, B minor, E seven, A. D jókòó, A sọ̀ sí G sharp, lẹ́yìn náà D sọ̀ sí C sharp. Tó o bá gbé C ti onídùùrù lé ẹnu fọn bẹ́ẹ̀, ojú á tì ọ́ níwájú ọ̀pọ̀ èèyàn. Ó ti tì mí lójú rí nítorí akẹ́kọ̀ọ́ mi kan, mo jókòó nídìí dùùrù mo ń gbàdúrà.

Ní ti nótì: ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójoojúmọ́, ìwé tuntun ní gbogbo ìgbà, má padà tó o bá ṣìnà. Ẹni tó ń padà tún un ṣe, kò tíì ń kà á, ó ń há a sórí ni.

Onílù_Kẹta:
Àǹtí ẹ kú iṣẹ́ o, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún ara mi

ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ fún ẹ bro: etí. ra ìdáàbòbò etí kó o tó ra rééd. yàrá práátíìsì kékeré ni wọ́n máa tì ẹ́ mọ́, ìwọ àti sáàsì, wákàtí mẹ́ta. NIOSH, àjọ ìwádìí ààbò òṣìṣẹ́ ti Amẹ́ríkà, ní 85 decibel (òṣùwọ̀n ariwo) etí lè gbà á fún wákàtí mẹ́jọ, tó bá ti fi 3 lé e, àkókò á dín sí ìdajì. 88 wákàtí mẹ́rin, 91 méjì, 94 wákàtí kan péré. ìwọ fọn sáàsì nínú yàrá kóńkó kó o wo iye tí fóònù ẹ máa sọ. èmi ò gbọ́ràn, etí òsì mi ń hó ṣíìì láti ọdún kẹta títí di bí mo ṣe ń kọ eléyìí

Adé_Kíbọ́ọ̀dù:
Òótọ́ pọ́ńbélé. Ọwọ́ náà o, tó bá ń dùn ẹ́, dúró. Ọmọ kíláàsì wa kan fi ìrora ọwọ́ gbá gìtá títí dé ìdánwò, sẹ̀mẹ́sítà kan ló fi jókòó sílé lẹ́yìn ẹ̀.

FèrèLẹ́nu:
Ẹ ṣé gan-an ni o, Àǹtí, mo ti ń kọ F F E látàárọ̀, àwọn ará ilé ti ní kí n dákẹ́. Bàbá, ìbéèrè ìkẹyìn. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, èwo lẹ máa mú?

BàbáBésì:
Jáàsì, torí òun ló wù ẹ́, ọdún mẹ́rin sì jìn láti máa jí ní àárọ̀ fún nǹkan tí kò wù ẹ́. Ṣùgbọ́n lọ bá wọn ní dìpátímẹ́ǹtì báyìí, kí o tó wọlé, kó o béèrè pé ṣé ẹni tó bá mú jáàsì lè ṣe kọ́ọ̀sì sítúdíò àti ti ẹ̀tọ́ orin lọ́dọ̀ àwọn commercial. Ibi kan máa gbà, ibi kan á ní kò sí àyè. Ìdáhùn yẹn ni kó o fi mú ilé ìwé. Fela lọ sí Trinity College of Music ní London ní 1958, ohun òyìnbó ni wọ́n kọ́ ọ níbẹ̀, tọ̀rọ́mpẹ́ẹ̀tì ló mú, òun àti Koola Lobitos, báǹdì tó kó jọ, wá ń gbá jáàsì àti highlife káàkiri níta. Ilé ìwé ò ní kó má jáde, òun náà ò ní òun á dúró dìgbà tí ilé ìwé bá kọ́ òun ní ohun tó wù ú.

Ẹ̀gbọ́n ẹ ò purọ́ tán, iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní "olórin jáàsì" nìkan kò pọ̀. Èmi ń kọ́ ọmọ ní bésì ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, mò ń bá àwọn akọrin ká orin, mò ń gbá níbi ìgbéyàwó, mo ń gbá jáàsì gangan ní Ọjọ́rú. Mi ò kábàámọ̀ o. Ṣùgbọ́n Ọjọ́rú nìkan kò san owó ilé.

Òótọ́Korò:
Bàbá òótọ́ lẹ sọ lórí ìyẹn. Mi ò yí ọ̀rọ̀ mi padà ṣá o.

FèrèLẹ́nu:
Mo padà dé. Mo ti kọ lẹ́tà sí dìpátímẹ́ǹtì, wọn ò tíì fèsì. Mo wá gbìyànjú ti metronome yẹn lálẹ́ àná, blues ní F, bàbá, D ló jẹ́ fún alto àbí, mo ti ń kọ́gbọ́n. Mo fi 40 sórí two àti four, mo fi fóònù gbà á sílẹ̀. Nígbà tí mò ń fọn ọ́ mo rò pé mo wà níbẹ̀ digbí. Mo wá gbọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́. Báà kejì ni mo ti kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀, metronome ń lọ síbi tiẹ̀ èmi ń lọ síbi tèmi, bí ẹni méjì tí wọn ò mọra. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń sáré láìmọ̀.

BàbáBésì:
Káàbọ̀. Gbé e sórí ibí, ká gbọ́.

FèrèLẹ́nu:
Ó ń tì mí lójú bàbá.

Òótọ́Korò:
Kí ló dé tó o fi bẹ̀rẹ̀ láti 40? Ta ló ń lé ẹ? Yí i sí 60, fọn nótì kan ṣoṣo, F ti onídùùrù, ìyẹn D ẹ, má ṣe sólò, kàn máa gbé e sórí two àti four fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Tó bá ti jókòó, sọ ọ́ kalẹ̀ sí 55. Kó o gbé èyí tó bàjẹ́ yẹn wá náà, àwa náà ti bà á jẹ́ rí.